Ebè Tí Jethro Kọ Sóko Àbúrò Rẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní Kàbà, tí ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀nà Ìkòyí, Jethro kọ ebè sí oko olóko. Ó ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà, ó sì yẹ kó mọ ààlà. Oko Andrew, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni àáró kàn lọ́jọ́ náà, Jethro sì fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ bá òun níbẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó rí pèrègún tí wọ́n fi pààlà, ó yà sí apá ọ̀tún rẹ̀ dípò apá òsì, ó bọ́ ẹ̀wù, ó fi í kọ́ ẹ̀ka igi, ó sì gbé ọkọ́ sókè. Nígbà tí ìkùukùu ká, tí àwọn yòókù dé, ebè ti tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá sì wà nínú oko Sàláhúdéènì, bàbá Khàlíl.

Andrew dúró ní ìdí pèrègún, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú. "Jethro! Ìgbà wo ni ìwọ àti Bàbá Khàlíl bẹ̀rẹ̀ àáró? O ò tiẹ̀ sọ fún wa."

Benjamin, àbúrò Jethro, ti jókòó sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín. "Ẹ fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Ó ti gba ẹ̀sìn. Orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́ ló kù."

Sàláhúdéènì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ọmọ Kàbà ni, mùsùlùmí, ó ń ta obì lọ́jà, ó sì ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, òun àti Khàlíl, ọmọ rẹ̀, gbé ọkọ́ dé oko bàbá Jethro láìsí ẹni tó pè wọ́n.

"Alájì, ta ló ní kí ẹ wá?" ni bàbá Jethro bi í.

"Ebè tó wà lóko mi ló ní kí n wá."

"Ọmọdé ló ṣe àṣìṣe. Ẹ má jẹ́ kó yọ yín lẹ́nu."

"Òun ló ni àṣìṣe, èmi ni mo ni ebè. Mi ò lè gbin iṣu sínú ebè tí mi ò tíì san. Ẹ sún síwájú díẹ̀, ẹ jẹ́ ká ráyè."

Iye ebè tí Jethro kọ fún un ni ó kọ padà, kò dín, kò lé. Ó gbọn erùpẹ̀ ara ọkọ́ rẹ̀ dànù, ó sì lọ sílé. Jethro rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń sọ ọ́ kiri bí ìtàn ẹ̀rín, ohùn Alájì ni ó sì máa ń fi parí rẹ̀: "Ẹ jẹ́ ká ráyè."

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa Jethro lónìí máa ń pè é ní ará Ìjùmú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀yà Owé ni, ọmọ Kàbà ni. Oko bàbá rẹ̀ ló wà lójú ọ̀nà Ìjùmú. Wọ́n tún máa ń pe ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní ọ̀wẹ̀. Èyí náà kò tọ̀nà, ó sì yẹ kí á tún un ṣe kí á tó lọ síwájú. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́. Wọ́n á wá, á sè fún wọn, wọ́n á jẹ, ó parí. Arúgbó lè bẹ ọ̀wẹ̀, opó lè bẹ ẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lè bẹ ẹ́. Àáró yàtọ̀. Lónìí a wà lóko tèmi, lọ́la a wà lóko tìrẹ, lọ́tùnla a wà lóko ẹni kẹta, títí yóò fi yí padà débi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dúpẹ́ nínú àáró. Bí o bá dúpẹ́, wọ́n á wò ọ́ bí ẹni tó fẹ́ sá lọ́jọ́ tó bá kan ẹlòmíràn.

Àáró yìí ni ilé Jethro. Theresa, ìyàwó rẹ̀, kú nígbà tí Ayọ̀kẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Nígbà tí Ayọ̀kẹ́mi dàgbà tó sì lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀gbẹ̀, ó ku Jethro nìkan nínú yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ tó bá mọ́, ó ní oko ẹnì kan tó yẹ kó wà, ó sì ní àwọn tí yóò máa bínú bí kò bá tètè dé. Ní ọ̀sán, wọ́n á sun iṣu lábẹ́ igi igbá. Òun àti Benjamin kì í bu oúnjẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Jethro ni í máa ń ha iṣu, Benjamin a sì máa dá a lẹ́kun.

"Ẹ má ha gbogbo rẹ̀ dànù, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi dúdú rẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

"Èédú lo fẹ́ jẹ."

"Èédú náà ni kí ẹ fún mi. Ṣé ẹ rántí wo pèrègún lónìí?"

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn títí tí ọjọ́ orí wọn fi lé ní ogójì ọdún.

Ẹsẹ̀ Benjamin ló kọ́kọ́ wú. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ wú láàárọ̀, á sì wálẹ̀ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní iyọ̀ ló ń jẹ jù. Wọ́n fún un ní àgbo, ó mu ún, ó burú sí i. Nígbà tí ó di pé kò lè dùbúlẹ̀ kó mí dáadáa mọ́, Lois, ìyàwó rẹ̀, gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, àwọn yẹn sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ìlọrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti bá a jà fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, àti pé kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lónìí, ara rẹ̀ á fúyẹ́. Kò ní pẹ́ tí ìdọ̀tí yóò tún kún inú rẹ̀. Lois ń sùn lórí ẹní lẹ́yìn ilé-ìwòsàn pẹ̀lú àwọn ìyàwó aláìsàn mìíràn.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, sọ fún ẹbí pé ọ̀nà mìíràn wà. Ẹni tó wà láàyè lè fi kíndìnrín rẹ̀ kan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó sì fi èyí tó kù gbé ayé rẹ̀. Lois ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò bá ti ọkọ rẹ̀ mu. Wọ́n yẹ ti Jethro wò, ó bá a mu.

Dókítà pe Jethro wọ yàrá òun nìkan, ó sì ti ilẹ̀kùn. "Ṣé ẹnì kan ń fi ipá mú yín? Bí ẹ kò bá fẹ́, ohun tí a óò sọ fún wọn kò ju pé a kò lè lò yín lọ. A kò ní sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnì kankan."

"Dókítà, ṣé ẹ ti kọ ebè rí?"

"Rárá o."

"Bí ó bá kan ènìyàn, wọn kì í bi í bóyá ó fẹ́. Ó kàn án ni."

"Èmi ní láti bi yín, bàbá. Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Ó kàn mí."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

"Mo fẹ́."

Ó bọ́ síta, ó lọ bá Benjamin lórí bẹ́ẹ̀dì. Benjamin ti kọjú sí ògiri, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe é. Bí nǹkan bá ṣe yín, kí ni màá wí fún Ayọ̀kẹ́mi?"

Jethro jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó gbá a lẹ́sẹ̀ pẹ́ẹ́. "Kí lò ń sunkún sí? Àáró lásán ni. Oko tìrẹ la wà lónìí. Bí ó bá kàn mí, ìwọ náà á gbé ọkọ́ rẹ wá."

Benjamin rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Lois náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, Jethro kò sì sọ ọ́ fún ohun mìíràn.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ ní Kàbà nípa iṣẹ́ abẹ náà ló jẹ́ irọ́. Wọ́n ní wọ́n yọ kíndìnrín Benjamin méjèèjì dànù. Wọn kò yọ wọ́n. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ ní àyè wọn, wọ́n sì fi ti Jethro sí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Wọ́n ní Jethro tà á. Kò tà á. Wọ́n ní kò lè dúró pẹ́ mọ́ lórí ìdúró, pé ó ti di àbọ̀ ènìyàn, pé ìtọ̀ rẹ̀ ń jáde ní ìdajì. Ẹni tó sọ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kò lọ sí ilé-ìwé dáadáa. Kíndìnrín kan tó kù nínú ẹni tí ara rẹ̀ le a máa gbilẹ̀ díẹ̀, a sì máa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ èyí tó lọ. Àwọn dókítà ní kí Jethro má gbé ohun tó wúwo títí ojú abẹ yóò fi san tán, kó máa mu omi, kó má ṣe máa ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, kó sì máa wá fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Nígbà tí ó padà lọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Bàbá, ẹ lè padà sóko."

Ó ra àkàrà lọ́nà, ó ń jẹ ẹ́ nínú mọ́tò, inú rẹ̀ dùn.

Níbí, bí a bá pàdé ara wa lọ́nà, "Okun o" la máa ń sọ, ẹni tí a kí á sì dá a padà fún wa bákan náà: "Okun." Láti ìgbà tí Jethro ti Ìlọrin dé, kò sẹ́ni tó kí i bẹ́ẹ̀ mọ́. "Pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ayọ̀kẹ́mi." "Ẹ kú ìrọ́jú." Wọ́n á fi ohùn kékeré sọ ọ́, bí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé aláìsàn. Ó ní, "Okun o," fún wọn láti fi rán wọn létí. Wọ́n dáhùn pé, "Pẹ̀lẹ́."

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà sí àáró, oko Andrew ni. Ó wo pèrègún, ó yà sí apá òsì, ó bọ́ sáàárín wọn. Kò tíì kọ ebè kan tán tí Andrew fi di ẹ̀rú ọkọ́ rẹ̀ mú.

"Gbé e fún mi."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Jethro, lọ jókòó sábẹ́ igi. Ìwọ ni kí o máa bá wa sun iṣu."

"Dókítà ní kí n padà sóko."

"Dókítà kò mọ ilẹ̀ yìí. Kíndìnrín kan ṣoṣo lo ní. Bí ó bá já sílẹ̀ níbí ńkọ́, ta ni yóò bá ọ wá a nínú ebè?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà sì rẹ́rìn-ín, nítorí àwàdà ni, Andrew sì ti máa ń ṣe irú rẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n Andrew kò fi ọkọ́ sílẹ̀. Jethro lọ jókòó. Ó sun iṣu, ó ha á, ó sì fi dúdú sílẹ̀ lára apá kan. Benjamin kò sí níbẹ̀ láti jẹ ẹ́. Oògùn tí Benjamin ń lò kí ara rẹ̀ má bàa kọ kíndìnrín tuntun kì í jẹ́ kí ara lè bá àìsàn jà dáadáa, wọ́n sì ti ní kó yàgò fún èrò ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ohun tí Jethro sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó kan oko Jethro, gbogbo wọn wá. Wọ́n kọ gbogbo ilẹ̀ náà tán kí oòrùn tó mú. Ó ti sè kalẹ̀ dè wọ́n, wọ́n jẹ, wọ́n nu ọwọ́.

"Ta ló kàn lọ́la?" ni Jethro bi wọ́n.

Wọ́n wo ara wọn. Andrew ló dáhùn. "Má yọ ara rẹ lẹ́nu."

"Mo ní ta ló kàn?"

"Kò kan ọ́. Ọ̀wẹ̀ la ṣe fún ọ, Jethro. Ohun tí o ṣe fún Benjamin, ta ló tún fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ? Jẹ́ kí àwa náà ṣe tiwa."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Andrew ṣe ohun burúkú. Jethro dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó sì wí fún wọn pé, "Ẹ ṣeun." Gbólóhùn yẹn kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí nínú oko.

Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ ti ń mọ́ bá a láìsí oko tó yẹ kó wà. Benjamin ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀. Ó ti ń lọ sọ́jà. Wọ́n rí i níbi ìsìnkú. Ilé Jethro nìkan ni kì í dé. Bí Jethro bá lọ bá a nílé, Lois á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Benjamin á jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn, á sì ti lọ kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán. Jethro kò mọ ohun tí òun ṣe fún un. Ó ń wá a nínú ọkàn rẹ̀, ó ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ ní Ìlọrin, kò rí i.

Ohun tó wá ronú ṣe ni pé òun yóò fi ọkọ́ sọ̀rọ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá rí i pé òun lè kọ ebè, wọn yóò dá àáró rẹ̀ padà. Bí Benjamin bá sì rí ta ló kọ ọ́, yóò wá sọ̀rọ̀, bí kò tilẹ̀ ju kó wá bú òun lọ. Òjò àrọ̀kúrò ti rọ ilẹ̀. Ó lọ sí oko Benjamin ní òun nìkan. Ó wo pèrègún, ó tún padà wò ó. Àárọ̀ mélòó kan ló fi ń lọ, tí ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, tí ó ń sinmi, tí ó ń mu omi bí wọ́n ṣe sọ fún un. Ojú abẹ kò dùn ún. Khàlíl gba ibẹ̀ kọjá, ó rí i, ó sì ròyìn pé ebè náà gún, ó ga, ó tò bí ẹni pé okùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Jethro padà sílé, ó fọ ọkọ́ rẹ̀, ó sì ń retí.

Lois ló wá. Ó gbé abọ́ iyán kan tí ó fi aṣọ bò.

"Benjamin ńkọ́?"

"Ó wà, Bàbá Ayọ̀kẹ́mi. Ó ní kí n kí yín."

"Ó rí ebè?"

"Ó rí i."

"Kí ló sọ?"

Lois tún aṣọ orí abọ́ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bàjẹ́. "Ó dúró síbẹ̀, ó wò ó títí. Ó wá sílé, kò jẹun. Ẹ jẹ iyán yín kó tó tutù."

Ìgbà àtigbin iṣu dé. Gbogbo ojú ọ̀nà Ìkòyí, àwọn ènìyàn ń ru èbù lọ sóko, wọ́n ń fi koríko bo orí ebè. Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Nínú oko gbogbo ènìyàn, ọwọ́ iṣu ti ń wá igi tí yóò gùn. Nínú oko Benjamin, koríko ló hù lórí ebè, bẹ́ẹ̀ ni èbù kan kò sí nínú rẹ̀. Oko kékeré kan ni Benjamin lọ dá lẹ́yìn ilé rẹ̀, tí ó gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sí.

Jethro lọ sílé wọn; Lois ní Benjamin ti jáde, ṣùgbọ́n kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó wọ ẹ̀yìn ilé lọ, ó sì bá Benjamin níbi tí ó ti ń ro àgbàdo. Ara rẹ̀ ti dá, ojú rẹ̀ kò wú mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbé ọkọ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó."

"N kò wá jókòó. O ò gbin iṣu."

"N kò gbin ín."

"Ṣé ebè náà kò dára ni?"

"Ó dára. Ta ló tún lè kọ irú rẹ̀?"

"Kí ló wá dé? Kí ni mo ṣe fún ọ, Benjamin?"

Benjamin wo ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó sì tètè mú ọwọ́ kúrò. "Ẹ sọ fún mi ní Ìlọrin pé bí ó bá kàn yín, kí èmi náà gbé ọkọ́ mi wá."

"Àwàdà ni mo fi ṣe!"

"Mo mọ̀ pé àwàdà ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tí màá gbé wá. N kò rí nǹkan kan. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo sì tọ̀, ẹ̀yin ni mo ń rántí. Bí mo bá gbọ́ ohùn yín níta, ó ń ṣe mí bí ẹni tó jí nǹkan. Mo ní kí n fara balẹ̀, bóyá mo lè rí ohun kékeré kan fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wá lọ kọ ebè." Ó gbé ojú sókè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fún mi ní nǹkan kan mọ́."

Jethro fẹ́ sọ pé òun kò bèèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ó rí i pé àìbèèrè náà ló ń pa Benjamin lára. Ó gba àárín àgbàdo, ó sì lọ.

Nígbà tó ń lọ sílé, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Sàláhúdéènì kọjá. Alájì ti darúgbó, etí rẹ̀ ti di, kò lọ sóko mọ́. Lórí àga ló máa ń jókòó tí yóò máa pa eṣinṣin lára obì. Jethro bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí i, ó sì bi í láìsí àlàyé kankan: "Alájì, ká ní bàbá mi lé yín kúrò lóko rẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé òun kò gba ebè yín, kí ni ẹ̀ bá ṣe?"

Bàbá náà ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ sókè.

"Ebè wo? Áà! Ìwọ tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Lẹ́yìn náà ó ronú sí i. "N kì bá gbin ín. Màá jẹ́ kí koríko hù bò ó. Màá sì máa gba ọ̀nà mìíràn lọ sóko, kí n má bàa pàdé rẹ."

"Títí di ìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀. Bàbá rẹ gba tèmi. Mo sì sùn." Ó mú obì kan, ó nà án sí i. Jethro ti nawọ́ kó tó rántí pé òun kò ní ohun tí òun yóò fún un padà. Ó gbà á náà, ó dúpẹ́.

Ó pe Ayọ̀kẹ́mi lórí fóònù lọ́jọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ lọ gbìyànjú ilẹ̀ mìíràn wò. Ayọ̀kẹ́mi ní kó wá sí Ẹ̀gbẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kí òun lè máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní rárá, ìyẹn gan-an ni òun ń sá fún. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ lóye. Ó bínú, ó pa fóònù. Jethro ti ilẹ̀kùn yàrá méjèèjì, ó fún Lois ní kọ́kọ́rọ́, kò sì sọ ibi tí ó ń lọ fún un. Ó wọ mọ́tò tó ń lọ sí Mọ̀pà, ó sì kọjá níbẹ̀. Aṣọ mélòó kan ni ó mú, pẹ̀lú ọkọ́ rẹ̀.

Andrew bá a dé mọ́tò. Ó fẹ́ gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a gbé e wọlé; Jethro kò fún un. "Jẹ́ kí n gbé e," ni Andrew ń wí, "ó wúwo." Jethro di ọkọ́ náà mọ́ àyà rẹ̀ títí mọ́tò fi gbéra.

Àwọn kan ní Kàbà ń sọ pé ìjà ló bá àbúrò rẹ̀ jà. Wọn kò jà. Àwọn mìíràn ní ó kábàámọ̀ ohun tó fi sílẹ̀. Ayọ̀kẹ́mi bi í léèrè èyí gan-an nígbà tí ọ̀rọ̀ òun àti bàbá rẹ̀ yanjú, bàbá náà sì ní bí ó bá tún kan òun lọ́la, òun yóò tún ṣe é, àfi pé òun yóò pa ẹnu òun mọ́. Benjamin ṣì wà láàyè, ara rẹ̀ dá, ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Kò gbin nǹkan kan sínú ebè wọ̀nyẹn. Òjò ti wó wọn palẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dúró ní ìdí pèrègún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iná bá ti jó koríko, ó ṣì lè rí ibi tí wọ́n tò sí.

Ìgbẹ̀yìn tí a gbọ́ nípa Jethro, Ponyan ni ó wà, ní ilẹ̀ Yàgbà. Ó gba ilẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, ó ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹni tó fún un ní ilẹ̀, ó sì wà nínú àáró pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tí wọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kì í bọ́ ẹ̀wù lóko bí oòrùn ṣe wù kó mú tó. Ní ọ̀sán ó máa ń jókòó díẹ̀ sẹ́yìn wọn, ó máa ń sun iṣu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ń lọ sí Ìlọrin fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kíndìnrín tó kù lára rẹ̀ sì dára. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, Ayọ̀kẹ́mi lọ wò ó, kò bá a nílé. Obìnrin tó ni ilé sọ fún un pé oko ẹnì kan ni ó lọ. Ẹni náà ni àáró kàn lọ́jọ́ yẹn.